Ìrìn-Àjò Mi sí Ìlú Àwọn Tí Ilẹ̀ Kọ̀

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin tí òjò lé wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ràn mi lẹ fi wá. Òjò ló kó yín wá, mo mọ̀. Bí oòrùn bá ń ràn ni, ẹ ó gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ẹ ó sì máa sọ fún ara yín pé, "Ọ̀rọ̀ bàbá ọdẹ yẹn ti pọ̀ jù." Ó dáa. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Níwọ̀n ìgbà tó ti fi yín lé mi lọ́wọ́, ẹ ó gbọ́ tèmi lónìí. Ìwọ tí o dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé kí o jókòó, àbí o fẹ́ kí n máa gbójú sókè sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọ̀pẹ sọ̀rọ̀?

Ọdẹ́rìndé lorúkọ mi. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, kó lọ bi ẹfọ̀n igbó Olókùúta léèrè. Èmi ni ọta ìbọn mi tán lójú ẹfọ̀n, tí mo fi òkò lé e títí tó fi bọ́ sódò, tí kò sì padà wá mọ́. Èmi ni mo sùn sínú ihò àpáta kan náà pẹ̀lú àmọ̀tẹ́kùn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, òun ló kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi kó tó jáde. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rín yín máa tó tán.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtàn Àwẹ̀ró ni, ìyàwó mi, ìyá àwọn ọmọ mi, ẹni tí púpọ̀ nínú yín jẹ ẹ̀kọ ọwọ́ rẹ̀ dàgbà. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ewé ló fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Èmi fúnra mi ni mo ń já ewé gbòdògì bọ̀ láti oko ọdẹ. Bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, tí orí mi yóò máa wú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá dé. Àwọn oníbàárà ní ewé ń ya, ewé ń jò, ewé ń fi àkókò àwọn ṣòfò. Àwẹ̀ró bá ra ọ̀rá. Ẹ̀kọ yóò máa hó lórí iná, yóò bù ú tòun ti ooru rẹ̀, yóò dà á sínú ọ̀rá, yóò sì so ó lẹ́nu. Abọ́ rọ́bà ló fi ń rẹ àgbàdo, kẹ́ẹ̀gì rọ́bà ló fi ń pọnmi. Bí igi bá tutù láàárọ̀, ọ̀rá náà ni yóò tiná bọ̀, tí yóò kì bọ abẹ́ igi kí iná lè tètè mú. Èéfín dúdú yóò bò ó lójú. Bí mo bá ní, "Àwẹ̀ró, èéfín yìí ò dáa," yóò ní, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, iná ti mú, kí lẹ tún fẹ́?" Gbogbo ìyá tó wà ládùúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ń ṣe é. Ẹ má wojú ara yín, mo gbóòórùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ikọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ikọ́ náà kò sì lọ. Aṣọ ń yọ́ kúrò nídìí rẹ̀. Ẹni tó ń dá odó gbé tẹ́lẹ̀ kò lè gbé igbá mọ́. Ilé ìwòsàn fún un lóògùn, ó lò ó. Ṣọ́ọ̀ṣì gbààwẹ̀ fún un. Ààwẹ̀ parí, ikọ́ kò parí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wúkọ́ sínú aṣọ funfun, mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sínú oòrùn. Mo rí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú itọ́ náà, tí wọn ò tó iyanrìn, àwọn kan pupa, àwọn kan búlúù, àwọn kan funfun. Ojú ọdẹ kì í gbàgbé àwọ̀. Pupa yẹn ni pupa abọ́ tó fi ń rẹ àgbàdo. Búlúù yẹn ni búlúù kẹ́ẹ̀gì wa. Funfun yẹn, ọ̀rá ẹ̀kọ ni. Bíkú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Mo gbé aṣọ náà jáde lọ bá àwọn aládùúgbò. Ìyá Ajíṣafẹ́, tó ń gbé ilé kejì sí wa, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá ọdẹ, kí ni kì í pani? Epo ń pani, iyọ̀ ń pani, ìrònú gan-an ń pani. Ṣé ká wá jókòó ká má jẹun mọ́ ni? Àwọn ìyá wa lò ó, kò pa wọ́n."

Mo ní, "Àwọn ìyá yín wo? Àwọn tó fi igbá mumi, tí wọ́n fi ìkòkò amọ̀ se ọbẹ̀, tí wọ́n sì fi ewé pọ́n ẹ̀kọ? Ọjọ́ wo ni wọ́n rí ọ̀rá?"

Ó pòṣé, ó bọ́ sínú ilé rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ẹ̀bá ibùsùn, Àwẹ̀ró di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹ má bá wọn jà. Bí ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń lé nǹkan wọ̀nyí jáde lára èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi débẹ̀. Mi ò tíì fẹ́ kú. Ọdẹ́bùnmi ti lóyún, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Mo fẹ́ fi ọwọ́ mi wẹ ọmọ náà." Omi bọ́ lójú mi. Èmi tí mo lé ẹfọ̀n lókò, mo sunkún níwájú obìnrin, ojú ò sì tì mí.

Bàbá mi ti sọ fún mi nígbà ayé rẹ̀ pé igbó kan ń bẹ lẹ́yìn gbogbo igbó, tí ewé ń já bọ́ níbẹ̀ tí kì í rà. Igbó Àìjẹrà lorúkọ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú ohun tí kì í kú, ibẹ̀ ni kó gbà lọ. Mo gbé ìbọn, mo fi àdá sínú àkọ̀, mo gbé akèrègbè tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi kọ́ èjìká, omi ìsun nìkan la sì ti ń pọn sínú rẹ̀ láti ayé bàbá mi. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ó jìn, mo rìn ín, ó tán.

Mo wọ Igbó Àìjẹrà. Ẹ̀yin èèyàn, mo ti wọ igbó tí àwọn iwin ti ń gbéyàwó, mo sì jẹ nínú oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n igbó yìí bà mí lẹ́rù, nítorí kò ní òórùn. Igbó tó bá wà láàyè a máa rùn ewé rírà, a máa rùn olú, a máa rùn ìgbẹ́ ẹran. Èyí kò rùn rárá. Àwọn ewé tó já bọ́ láti ayé àwọn bàbá ńlá wa ṣì ń dán nílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àdá wa ilẹ̀, mi ò rí ekòló kan ṣoṣo.

Ibi tí mo ti ń walẹ̀ ni nǹkan kan ti ta mí nípàá láti ẹ̀yìn, mo sì lọ balẹ̀ sínú igbó ẹ̀gún. Mo dìde, mo wo ẹ̀yìn. Iwin kan ló dúró níbẹ̀, orí màlúù, ara èèyàn, ikùn tó tóbi ju àgbá epo lọ. Ó ní, "Èmi ni Ajẹmátọ́wò, aṣọ́bodè ibi tí ohunkóhun kì í ti í kú. Ta ló rán ọ pé kí o wá wa ilẹ̀ mi?"

Mo ní, "Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ẹni tí àmọ̀tẹ́kùn ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ló yẹ kí n bi ọ́ pé ta ló rán ọ pé kí o ta mí nípàá!"

Bí mo ti wí bẹ́ẹ̀ tán, ìjà dé. Ó gbé mi ṣánlẹ̀, mo dìde. Mo gbé e ṣánlẹ̀, ilẹ̀ mì tìtì. Mo yìn ín níbọn níkùn. Ọta wọlé, kò jáde, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì jáde. Ó kàn fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi tán. Àyà mi já díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o, Láníyì, má fojú yẹn wò mí.

Iwin náà ní, "Ìbọn ò lè pa mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti kú. Gba àlọ́ mi: bí o bá mọ̀ ọ́n, kọjá, bí o ò bá mọ̀ ọ́n, n ó jẹ ọ́. Mo jẹun, mo jẹun, ikùn mi kún, ebi sì ni ó pa mí. Oúnjẹ tí mo jẹ láti kékeré ṣì wà nínú mi títí di ìsinsìnyí. Kí ni mo jẹ?"

Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn tó ṣáájú mi wí. Ó ní gbogbo wọn ló ní àjẹ́ ilé bàbá òun ló wọ inú òun lọ, ìdí nìyẹn tí òun fi jẹ gbogbo wọn. Mo wo orí màlúù yẹn, mo wo ikùn yẹn, mo sì rántí ààtàn ẹ̀yìn ọjà wa níbi tí àwọn màlúù ti ń jẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe àjẹ́. Ọ̀rá ni o jẹ. Èèyàn jẹun tán, ó ju ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀, iyọ̀ ọbẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ìwọ sì gbé e mì. Kò dà nínú rẹ, kò sì jáde."

Ajẹmátọ́wò jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Nígbà tí mo kú, wọ́n là mí, wọ́n rí i. Odidi ìdì ọ̀rá! Wọ́n pariwo, wọ́n ní háà. Lẹ́yìn náà wọ́n kó ọ̀rá náà padà sí ààtàn ibẹ̀, wọ́n sì ta ẹran mi." Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi, mo sì kọjá.

Lẹ́yìn igbó náà ni mo dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kò-Sí-Nǹkan. Ìlú náà mọ́ tónítóní, àwọn èèyàn rẹ̀ sì lọ́yàyà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mọ́kànkúrò gbà mí sílé, ó ní kí n jókòó kí n jẹun. Mo fẹ́ jókòó báyìí ni mo gbójú sókè. Ṣèbé kan ló lọ́ mọ́ igi àjà lókè orí mi, ó sanra, ó ń wò mí lójú. Mo fa ìbọn mi yọ. Gbogbo ilé pariwo lé mi lórí.

Ìyàwó Mọ́kànkúrò ní, "Ẹ̀yin àlejò! Ẹ gbé ìbọn yẹn síta! Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ìbọn lè pa èèyàn ni? Àwọn ọmọdé wà nínú ilé!"

Mo ní, "Ìyá, ṣèbé ń bẹ lókè orí yín."

Ó wo òkè. "Èyí? Ejò tiwa nìyẹn. Ó ń bá wa pa eku. Kò sí ilé tí kò ní tirẹ̀."

Ẹ ò rí i bí? Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Mo gbé ìbọn síta nítorí àlejò ni mí. Bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ni ejò náà na orí wálẹ̀, tó bu ọmọbìnrin wọn jẹ lápá. Ọmọ náà ké. Ìyá rẹ̀ fi àkísà dì í lápá, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ó pẹ́ tó ti ń bù wá jẹ. Ṣé a kú ni?"

Mo ní, "Àwọn sàréè tí mo rí lẹ́yìnkùlé yín ńkọ́?"

Mọ́kànkúrò ní, "Àwọn yẹn? Ọjọ́ wọn ló pé."

Mo ní, "Ẹ ò ṣe sin ológbò kó máa pa eku fún yín?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ nu ojú. Ó ní, "Ológbò kẹ̀? Ológbò ń fẹ́ oúnjẹ, ológbò ń ké, ológbò á tún bímọ sínú aṣọ. Ejò rọrùn, bàbá. Ejò rọrùn." Apá ọmọ náà ti ń wú nígbà yẹn. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e lọ gba ìtọ́jú, wọ́n ní tó bá di àárọ̀ a máa rọ̀. Mo dìde, mi ò jẹ oúnjẹ wọn tán. Mo bú wọn láti ẹnu ọ̀nà títí dé bodè ìlú, wọ́n sì ń fi ìtẹríba sìn mí, wọ́n ń ní, "Ẹ máa wá o."

Ẹ̀yin náà ń mi orí, ẹ ní òmùgọ̀ ni wọ́n. Ẹ mi orí dáadáa. Ẹni tó ń da ògì tó ń hó sínú ọ̀rá láàárọ̀, tó wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ́sàn-án, tó ń bú ẹni tó ń bá ejò gbé! Inú ń bí mi, ẹ má dá mi lóhùn.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni mo wá dé, Ìlú Àwọn Tí Ilẹ̀ Kọ̀. Mi ò rí sàréè kankan níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń kú. Àwọn tó wà lẹ́nu bodè ga jù mí lọ, ara wọn ń dán. Bí mo ṣe ń wọ inú ìlú lọ ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ń kéré sí i: mo kọjá àwọn tó tó ọmọdé, mo kọjá àwọn tó tó ìka ọwọ́, títí mo fi dé ibi tí wọ́n kéré ju erùpẹ̀ lọ, tí mi ò lè rí wọn àfi bí oòrùn bá tàn sí wọn. Wọ́n ń fò nínú afẹ́fẹ́. Bí mo bá ti mí sínú, àwọn kan á wọ̀ mí nímú. Mo fi etí aṣọ bo imú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Ọba wọn jókòó lórí òkìtì. Ojú rẹ̀ ti sán káàkiri, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, o ń wò wá bí ẹni ń wo ọ̀tá. Ṣé àwa la pe ara wa wá sílé yín? Ewé kú, ilẹ̀ gbà á. Ẹran kú, ilẹ̀ gbà á. Olè kú, apànìyàn kú, ilẹ̀ gbà wọ́n, ó sì sọ wọ́n di oúnjẹ fún iṣu. Àwa lọ kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ní òun ò mọ̀ wá. A lọ sódò, ẹja gbé wa mì, ẹja kú. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbà wá sílé. Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin lẹ bí wa, inú yín la kọ́lé sí."

Mo dọ̀bálẹ̀. Èmi Ọdẹ́rìndé, mo na gbọọrọ sílẹ̀ fún ike! Ẹ má pòṣé, ẹni tí ẹ̀mí ẹni bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ là ń bẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, ìyàwó mi ni mo bá wá. Ẹ pe àwọn èèyàn yín jáde lára rẹ̀. Ó fẹ́ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀."

Ọba náà na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ààfin rẹ̀. Ó ní, "Omi kan ń sun láti inú àpáta ẹ̀yìn ààfin mi. Ibikíbi tí a bá wà, bí omi yẹn bá ti kàn wá, à ń jáde ni, a ò lè dúró. N ó fún ọ, bí o bá lè dárúkọ ibì kan ṣoṣo nínú ilé rẹ tí àwa ò sí. Ṣùgbọ́n bí o bá dárúkọ ibi tí a wà, o ti di ara ìlú wa nìyẹn."

Mo ní, "Kábíyèsí, ọdẹ kì í yìnbọn kó tó wo ibi tó ń yìn ín sí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bèèrè, kí n tó dáhùn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bèèrè.

Mo ní, "Inú iyọ̀ ńkọ́?"

Ohùn kan dáhùn láti inú erùpẹ̀, "Mo wà níbẹ̀."

"Inú ẹja?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Inú afẹ́fẹ́ yàrá tí mo ń sùn?"

"Láti ara aṣọ rẹ la ti ń bọ́ síbẹ̀."

"Inú omi ọmú abiyamọ?" Àwọn ohùn tó dáhùn lọ́tẹ̀ yìí pọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Mo ní, "Inú ọmọ tí a ò tíì bí ńkọ́?" Ohùn tó kéré ju gbogbo ohùn lọ sọ pé, "A wà níbẹ̀, bàbá."

Mi ò bèèrè mọ́. Mo rántí Ọdẹ́bùnmi, mo rántí oyún inú rẹ̀, inú mi bà jẹ́ débi pé mo fẹ́ jókòó ti àwọn ará ìlú náà kí n má padà sílé mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo bọ́ akèrègbè bàbá mi kúrò léjìká, mo yọ ìdérí rẹ̀, mo gbé e síwájú ọba. Mo ní, "Inú èyí."

Ọba ní kí gbogbo èèyàn òun tẹ́tí. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó pè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ẹni tó dáhùn. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó pọn omi àpáta náà kún akèrègbè fún mi. Ó ní, "Kí obìnrin náà mu ún láàárọ̀, kó tó fẹnu kan nǹkan kan. Kó má kúrò nínú akèrègbè yìí, igbá ni kí ẹ sì fi bù ú fún un. Omi yìí kò mọ ike tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Bí ẹ bá dà á sínú ẹnikẹ́ni nínú wa, yóò pe gbogbo ara ẹni náà jáde sínú omi, ẹni tó bá sì mu ún, odidi ìlú ló mu yẹn." Mo dúpẹ́. Mo sáré. Mi ò bá ejò sọ̀rọ̀ lọ́nà, mi ò bá iwin ṣeré.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Àwẹ̀ró ṣì ń mí. Mo pe Ọdẹ́bùnmi, àkọ́bí wa, tó ti wá ń tọ́jú ìyá rẹ̀, mo gbé akèrègbè lé e lọ́wọ́, mo tún ọ̀rọ̀ ọba náà sọ fún un bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo ní, "Má dà á sínú rọ́bà. Má fi ọ̀rá bò ó. Ṣé o gbọ́?" Ó ní, "Mo gbọ́, bàbá mi. Ẹ ṣeun, ẹ kú ewu." Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Àárẹ̀ ìrìn-àjò gbé mi ṣánlẹ̀ síbi tí mo jókòó sí, oorun sì gbé mi lọ.

Ìgbà tí mo la ojú, oòrùn ti wà lókè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Láti ìdájí ni àwọn ìyá àdúgbò ti wá kí wa. Ìyá Ajíṣafẹ́ rí akèrègbè náà nílẹ̀. Ó ní, "Ṣé inú nǹkan dúdú yìí lẹ fi omi ìwòsàn sí? Omi tí bàbá yín fẹ̀mí wewu nítorí rẹ̀! Ẹ ò rí i pé ó ń rùn èéfín? Bí aáyán bá wọ̀ ọ́ ńkọ́?" Ọdẹ́bùnmi ní bàbá òun ní kí òun má dà á sínú rọ́bà. Ìyá Ajíṣafẹ́ ní, "Rọ́bà ẹlẹ́gbin tí ẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Tuntun ò lè ṣe nǹkan. Lọ ra tuntun." Ọdẹ́bùnmi jáde tòun ti oyún rẹ̀, ó lọ ra kẹ́ẹ̀gì tó dára jù lọ ní ìsọ̀, èyí tó nípọn, tó ní ìdérí. Ó fi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ó da omi náà sínú rẹ̀. Nítorí pé ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ omi tútù, ó gbé e sínú oòrùn kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ló bù ú fún un.

Bí mo ṣe bọ́ síta ni mo rí kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́bàá ògiri. Ó ti fẹ́lẹ́ débi pé mo rí àtẹ́lẹwọ́ mi láti òdìkejì rẹ̀. Mo kígbe, mo sáré wọ yàrá. Ife ti ṣófo. Àwẹ̀ró ń wúkọ́, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe wẹ́wẹ́ mọ́. Ọdẹ́bùnmi dúró tì í, kò mọ ohun tó ṣe, ó ń ní, "Bàbá, tuntun ni o! Mo fọ̀ ọ́ o! Tuntun ni!" Mo gbé ọwọ́ sókè. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ náà ni mo fẹ́ gbá ni tàbí ògiri.

Àwẹ̀ró fi ojú pè mí. Mo tẹ etí mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹ má bá ọmọ wí. Ìfẹ́ ló fi ṣe é." Ó sinmi díẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi wẹ ọmọ náà." Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti lọ. Mo jókòó tì í. Mo bínú sí gbogbo ayé, mo ṣì ń bínú títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ wá síbi ìsìnkú. Ẹ jẹ, ẹ mu. Àwọn ọmọ mi ní ìyá àwọn ti dàgbà, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀, àwọn gbọ́dọ̀ pín nǹkan ìrántí fún àlejò. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ pín. Wọ́n ní abọ́ rọ́bà, tí wọ́n tẹ àwòrán ìyá wọn sí nínú, ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú "Sùn-ún-re, ìyá wa" yí i ká. Mo la ọwọ́ mọ́lẹ̀, mo ní láéláé. Àbúrò Ọdẹ́bùnmi ní, "Bàbá, ohun tí gbogbo ayé ń ṣe ni. Kí lẹ fẹ́ ká pín? Igbá?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà gba abọ́ yẹn, kò sí ilé tí kò sí nínú àwọn ilé yín. Àwẹ̀ró ti jẹrà. Ilẹ̀ gbà á, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n abọ́ náà kò ní í jẹrà láéláé.

Ọdẹ́bùnmi bímọ obìnrin, a sọ ọ́ ní Yéjídé. Mo fi ọwọ́ mi wẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ti ń jẹun báyìí. Ní àràárọ̀, ìyá rẹ̀ á po ògì, yóò dà á tòun ti híhó rẹ̀ sínú abọ́ ìrántí yẹn, nítorí ó ní òun fẹ́ kí ọmọ náà máa rí ojú ìyá-ìyá rẹ̀ bó bá jẹun tán. Lánàá, mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wo inú rẹ̀. Ojú méjèèjì ti lọ. Imú ti lọ. Ètè díẹ̀ ló kù.

Mo ní, "Ọdẹ́bùnmi, níbo ni ojú ìyá rẹ wà?"

Ó ní, "Bàbá, ó ń ṣí ni. Ẹ̀kọ gbígbóná ló ń ṣí i."

Mo wo Yéjídé. Ó ti jẹun yó, ó ń fi ahọ́n lá ẹnu rẹ̀.